Kí ló ń lé àwọn dìsáìnà kúrò lábẹ́ adarí wọn?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo ń darí ikọ̀ dìsáìnì kan tó ní ènìyàn méje, àwọn tó ń yà ojú-ewé tí ènìyàn ń rí nínú áàpù. Láàárín oṣù mẹ́wàá, mẹ́ta ti lọ nínú wọn. Nígbà tí ẹni kejì mú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ wá, mo fi owó kún owó oṣù rẹ̀; ó gbà á, ó ṣe oṣù mẹ́rin sí i, ó sì lọ náà. Ọ̀gá àgbà wa ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn dìsáìnà ṣe rí, pé ẹsẹ̀ wọn kì í gbé ojú kan, pé kí n ṣáà máa gba òmíràn síṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò dára, tàbí kí ni n kò ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi.

* * *

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Kì í ṣe òótọ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ dìsáìnì, mo sì ti fi mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ darí àwọn ẹlòmíràn. Mo ti rí àwọn tó lo ọdún mẹ́fà sí méje lábẹ́ adarí kan náà, ní iléeṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò ju ti ibòmíràn lọ. Mo sì ti rí àwọn tó kúrò ní iléeṣẹ́ ńlá kí ọdún kan tó pé. Irú ènìyàn kan náà ni wọ́n. Nígbà mìíràn, ẹnì kan náà ni, tí kò lè dúró ní ibì kan, tó sì jókòó pẹ́ ní ibòmíràn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí kì í gbé ojú kan sílẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ṣe ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín sínú rẹ̀. Ní iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó já sí: ṣé ó dé ọwọ́ àwọn tó ń lo áàpù yín, ṣé ẹlòmíràn yí i padà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí ó ṣì wà nínú fáìlì níbi tí ẹni tó yà á fi í sí? Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ bóyá ẹnikẹ́ni sọ ibi tí iṣẹ́ náà já sí fún ẹni tó ṣe é. Ohun tí ẹ bá kọ kẹ́yìn yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ìgbàgbọ́ mi ni pé dìsáìnà máa ń dúró níbi tó bá ti ń rí òpin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì máa ń lọ níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì sí ẹni tó sọ fún un bó ṣe parí.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ owó

Àwọn tó kọ́kọ́ fèsì lẹ́yìn mi nínú ìjíròrò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan pé owó ni. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a má tan ara wa jẹ, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ibì kan wà tí èmi àti wọn ti jọ gbà. Bí owó oṣù dìsáìnà yín bá kéré sí ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀ ń gbà níbòmíràn, tàbí tí ẹnjiníà tí wọ́n jọ wọ iléeṣẹ́ lọ́dún kan náà ń gba ìlọ́po rẹ̀ láìnídìí, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ìwúrí èyíkéyìí tó bá ṣáájú èyí, ẹ̀tàn ni, wọn yóò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tí a fi kún owó oṣù lẹ́yìn tí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti dé orí tábìlì, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń kọ́ àwọn tó kù: pé bí ènìyàn bá fẹ́ kí a mọ iyì òun, kó kọ́kọ́ kọ̀wé pé òun ń lọ. Ẹni tó gba owó náà pàápàá yóò bi ara rẹ̀ pé, bí owó yìí bá ti wà tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọn kò fún mi? Oṣù mẹ́rin tí ẹni kejì yín fi dúró kò yà mí lẹ́nu. Iye tí ẹ ń san fún un ni ẹ yí padà; ohun tó ń lé e lọ ṣì wà níbi tó wà.

Ẹlòmíràn dábàá pé kí a máa san ẹ̀bùn owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí dìsáìnà bá parí. Àbá yìí ni mo takò jù lọ. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi máákà yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn kan pé wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí oníríbọ́ọ̀nù bí wọ́n bá yàwòrán. Wọn kò ṣèlérí kankan fún àwọn yòókù. Nígbà tó yá, tí wọ́n fi gbogbo wọn sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n, àkókò tí àwọn tí a ṣèlérí fún lò nídìí àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe nítorí pé ó dùn mọ́ wọn ti di ohun tí ènìyàn ń ṣe láti gba nǹkan. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kì í ṣe ọmọdé, owó kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wà nínú ikọ̀ tó ń ka iye ojú-ewé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yà lóṣù yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ojú-ewé á pọ̀, èyí tó dára nínú wọn á dín kù, kò sì ní sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìṣòro tó le, torí pé ìṣòro tó le kì í parí láàárín oṣù kan.

* * *

Ẹnì kan tí mo pàdánù

Wọ́n bi mí bóyá èmi náà ti pàdánù ènìyàn rí. Mo ti pàdánù, ọ̀kan sì wà tí n kò lè gbàgbé.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí ṣe adarí, ọmọbìnrin kan wà nínú ikọ̀ mi tó mọ iṣẹ́ dunjú. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ojú-ewé tí àwọn ènìyàn yóò ti máa sanwó nínú áàpù wa. Ó pín ìsanwó náà sí ìgbésẹ̀ mẹ́ta kó má baà sú ènìyàn, ó kọ ọ̀rọ̀ tí yóò hàn bí káàdì kò bá ṣiṣẹ́, ó sì ń tún un kọ títí ọ̀rọ̀ náà kò fi dẹ́rù ba ẹni tó ń kà á mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa gbé e jáde, ọ̀gá kan ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Dípò kí n pè é, mo ṣí fáìlì rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, mo pa ìgbésẹ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan, mo yí àwọ̀ bọ́tìnì padà, mo sì yọ ọ̀rọ̀ tó fara balẹ̀ kọ náà kúrò, mo fi “Àṣìṣe wà” rọ́pò rẹ̀. Èrò mi ni pé mò ń gba ikọ̀ mi lọ́wọ́ wàhálà, pé kò yẹ kí n jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun.

Ọjọ́ kejì ló rí i, lójú fóònù tirẹ̀, nígbà tó fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bá mi jà. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ní kó yà nǹkan, ohun tí mo sọ gan-an ni yóò yà, kò ní fi èrò tirẹ̀ kankan kún un. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó lọ. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó ń lọ ni pé, “Ṣebí ẹ̀yin náà kúkú lè yà á fúnra yín.”

N kò mọ bí ohun tí mo ṣe ti tóbi tó títí mo fi ka ìwádìí tí Dan Ariely, Emir Kamenica àti Dražen Prelec tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa fi Lego, ohun ìṣeré oníke tí a ń tò pọ̀, to ère kékeré. Wọ́n san dọ́là méjì lórí ère àkọ́kọ́, wọ́n sì ń yọ sẹ́ǹtì mọ́kànlá kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e, kí ẹni tó bá rí i pé owó náà kò tó iṣẹ́ mọ́ lè dáwọ́ dúró. Ní ti apá kan nínú wọn, ère tó bá parí yóò wà lórí tábìlì níwájú ẹni tó tò ó. Ní ti apá kejì, bí ẹni náà ṣe ń to òmíràn lọ́wọ́ ni wọ́n ń tú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ká ní ìṣojú rẹ̀. Owó kan náà ni, iṣẹ́ kan náà sì ni. Ní ìpíndọ́gba, apá àkọ́kọ́ to ère 10.6, apá kejì to 7.2 péré kí ó tó sú wọn. Àwọn yẹn tilẹ̀ rí ẹni tó ń tú iṣẹ́ wọn ká. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin yìí ni mo ti tú tirẹ̀.

* * *

Sí ọ̀gbẹ́ni tó sọ pé iléeṣẹ́ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà

Ọ̀gbẹ́ni yìí ní iléeṣẹ́ tirẹ̀, ó sì takò mí gidigidi: pé ọjà máa ń yí, pé owó máa ń tán, pé kò sí bí gbogbo ohun tí dìsáìnà yà ṣe lè jáde.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí èmi fúnra mi ti yà ni kò jáde rí. Kì í ṣe pípa iṣẹ́ tì ni mò ń bá jà. Dídákẹ́ lẹ́yìn tí a bá pa á tì ni. Bí iṣẹ́ kan kò bá ní tẹ̀ síwájú mọ́, kí adarí sọ fún ẹni tó ń ṣe é ní ọjọ́ náà gan-an, kó sì jẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, kì í ṣe nínú ìpàdé tí ogún ènìyàn ti ń gbọ́. Kó sọ ẹni tó ṣe ìpinnu náà àti ohun tó fà á. Bí mo bá ti bá àwọn ọ̀gá jiyàn lórí rẹ̀ tí mo sì pàdánù, mo máa ń sọ èyí náà, torí pé ó yẹ kí ẹni náà mọ̀ pé ẹnì kan dúró ti iṣẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì yóò jọ wo fáìlì náà bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tó lè wúlò níbòmíràn. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Adarí tó bá ní òun kò ráyè fún ogún ìṣẹ́jú yìí yóò ráyè láti máa fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́ lẹ́nu wò fún oṣù méjì.

* * *

Lórí àríwísí

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, gbẹ́nugbẹ́nu kì í dúró kí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ibẹ̀ sì ni ìjà tó gbóná jù lọ nínú ìjíròrò yìí ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a máa bá dìsáìnà wí níwájú gbogbo ikọ̀, pé ìyẹn ló ń mú ènìyàn gbó lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ní ìkọ̀kọ̀ nìkan. Ẹnì kan sì ní kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́, pé kí a fi iṣẹ́ dán àwọn oníbàárà wò, kí iye àwọn tó bá tẹ bọ́tìnì ṣe ìdájọ́.

Èrò ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí a dá lóhùn dáadáa. Ní oṣù kẹta ọdún 2009, Douglas Bowman, tó jẹ́ aṣíwájú láàárín àwọn dìsáìnà Google, kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síta. Ó ní ikọ̀ kan níbẹ̀ kò lè yan ọ̀kan nínú àwọ̀ búlúù méjì, ni wọ́n bá ń dán oríṣi búlúù 41 wò láti mọ èyí tó dára jù. Ó ní wọ́n bá òun jiyàn lórí bóyá kí fífẹ̀ ìlà kan jẹ́ pixel 3, 4 tàbí 5 (àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tí ojú ẹ̀rọ fi ń gbé àwòrán jáde), wọ́n sì ní kí òun mú ẹ̀rí wá. Ìdánwò kò burú, èmi náà ń ṣe é. Iye ènìyàn tó tẹ bọ́tìnì lè sọ èyí tí wọ́n yàn nínú méjì. Kò lè sọ méjì tó yẹ kí a gbé síwájú wọn. Iṣẹ́ dìsáìnà nìyẹn. Bí a bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, a ti sọ ọ́ di akọ̀wé tó ń gbé ìwé láti tábìlì kan sí òmíràn.

Ní ti ìta gbangba àti ìkọ̀kọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ ni a ń wò níwájú gbogbo ènìyàn. Ìwà ni a ń sọ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: yóò sọ ìṣòro tó fẹ́ yanjú, ohun tó ti dá a lójú, àti ibi tó ṣì ń rú u lójú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé “n kò fẹ́ràn rẹ̀” kó sì dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ohun náà yóò ṣì lọ́nà àti ibi tí yóò ti ṣì í lọ́nà. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí pé bí adarí bá ti kọ́kọ́ lahùn, gbogbo ẹnu tó kù yóò tẹ̀lé tirẹ̀. N kì í sì í fọwọ́ kan fáìlì ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àtúnṣe bá wà, ẹni tó yà á ni yóò ṣe é, àní bó bá di pé a jọ jókòó di alẹ́.

Ìyìn náà ńkọ́? Yin ni yin ni kí ẹni ṣe mìíràn, ṣùgbọ́n “ó dára” kò tó. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “Bí o ṣe gbé àlàyé àṣìṣe yìí sí ẹ̀gbẹ́ àpótí tí àṣìṣe wà, kò ní jẹ́ kí ènìyàn máa wá a kiri ojú-ewé.” Ẹni tó gbọ́ irú èyí mọ̀ pé ẹ wo iṣẹ́ òun.

* * *

Kí wọ́n fojú ara wọn rí i

Arábìnrin kan kọ̀wé pé ikọ̀ òun ń yà ojú-ewé fún àwọn ènìyàn tí wọn kò rí rí. Ó bọ́ sí i. Mo rò pé ibí ni àtúnṣe ti yá jù lọ, tí kò sì náni ní owó púpọ̀.

Dìsáìnà kan nínú ikọ̀ mi yà ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan tí gbogbo wa yìn. Mo mú un lọ bá bàbá kan tí yóò lò ó, a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Bàbá náà kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó yọ sókè lójú fóònù ti bo bọ́tìnì mọ́lẹ̀. Ó fi ìka àtàǹpàkò fa ojú-ewé náà sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ojú wa, ó sì rọra gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí tábìlì. “Ó dà bíi pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò,” ló wí. Mo wo ojú dìsáìnà mi. Omi ti lé sí i lójú. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó dé ibi iṣẹ́, ó ti tún ojú-ewé náà yà, ó sì ti wo gbogbo ojú-ewé mìíràn tí irú rẹ̀ lè ti ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi di òní.

Adam Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú nǹkan yìí hàn ní ọdún 2007, láàárín àwọn tí wọ́n ń fi fóònù tọrọ owó fún yunifásítì kan. Àwọn kan nínú wọn bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí owó náà rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù kan, àkókò tí wọ́n ń lò lórí fóònù lọ́sẹ̀ ti fi ìdá 142 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, owó tí wọ́n ń rí gbà fún yunifásítì náà sì ti fi ìdá 171 lé sí i. Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kún owó iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ ṣètò rẹ̀: ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí dìsáìnà kọ̀ọ̀kan jókòó ti ẹnì kan tó ń lo iṣẹ́ rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìgbéga, ní ṣókí

Bó bá jẹ́ pé jíjẹ́ adarí nìkan ni ọ̀nà tí dìsáìnà lè gbà gòkè lọ́dọ̀ yín, ẹ ó pàdánù dìsáìnà tó dára, ẹ ó sì jèrè adarí tí kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ la ọ̀nà méjì, kí ipò àti owó wọn dọ́gba, kí ẹni tó fẹ́ràn àwòrán lè máa yà á títí tó fi dàgbà lẹ́nu iṣẹ́.

* * *

Oníbéèrè padà wá

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣe àkójọ náà lálẹ́ àná. Nínú iṣẹ́ mọ́kàndínlógún tí ẹni kejì ṣe, mẹ́rin ló jáde, méjì nínú mẹ́rin náà sì ni èmi fúnra mi yí padà. Ó dùn mí. N kò rántí pé mo sọ fún un lórí ẹyọ kan. Nísinsìnyí, òmíràn nínú àwọn tó kù ní òun fẹ́ rí mi ní ọjọ́ Ajé. Mo rò pé mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Báwo ni kí n ṣe gbé e?

* * *

Ìdáhùn

Ẹ má fi owó ṣíde ọ̀rọ̀, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó wúwo jù lọ kì í sábà kọ́kọ́ jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àkójọ iṣẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì kà á pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti èyí tó jáde, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa àwọn tó ń lò ó. Ní ti èyí tí kò jáde, ẹ sọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Ní ti èyí tí ẹ̀yin yí padà láì sọ fún un, ẹ tọrọ àforíjì, láì fi “ṣùgbọ́n” kún un. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ kan tó wù ú kí ó rí òpin rẹ̀, kí ẹ má sì ṣèlérí ju èyí tí ẹ lágbára láti mú ṣẹ.

Ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù, pé yóò lọ síbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìwé ẹ̀rí tó dára fún un, ẹ jẹ́ kó mú àwòrán iṣẹ́ tó ṣe dání bí òfin iléeṣẹ́ yín bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn tó kù jọ kí wọ́n jọ kí i. Wọ́n ń wo bí ẹ ó ṣe ṣe sí i. Bó bá sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ bẹ̀rẹ̀ àkójọ tiwọn.